Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Àpáta: Ṣé Owó Ló Tán Ni?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Fínláǹdì fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì Lútéránì kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí ní Helsinki. Ògiri ẹ̀ rí gbágungbàgun, wọn ò rẹ́ ẹ, wọn ò kùn ún, wọ́n sì tún gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ wọn ni? Ó tún ní ọ̀rọ̀ Biafra wọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo ní irọ́ ló ń pa. Ìyá Bọ́lá, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé o, Ìyá Bọ́lá, àmọ́ ẹ má bá àbúrò yín jà, kò purọ́. Temppeliaukio lorúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àdúgbò Töölö ló wà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ni wọ́n ti ń wá ẹni tó máa yàwòrán ẹ̀, ogun dé, gbogbo ẹ̀ dúró, àfìgbà tó di 1961 tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Timo àti Tuomo Suomalainen, jáwé olúborí nínú ìdíje. Àwọn ní kí wọ́n fi àpáta tó wà láàárín àdúgbò sílẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì wọ ibẹ̀ lọ.

Owó fún mọ́ wọn lọ́wọ́ lóòótọ́, kódà wọ́n gé bí ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú bó ṣe yẹ kí inú ẹ̀ tóbi tó. Àmọ́ ti ògiri yẹn, owó kọ́ jàre. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn ti ń rò ó lọ́kàn tipẹ́ pé káwọn fi àpáta sílẹ̀ lásán, ẹ̀rù àwọn tó ń ṣèdájọ́ ìdíje ló bà wọ́n, wọn ò fi hàn wọ́n. Ìgbà tí Paavo Berglund tó máa ń darí ẹgbẹ́ olórin àti Mauri Parjo tó mọ̀ nípa ìró ohùn dá sí i, ni wọ́n rí i pé ohun tí orin ń fẹ́ gan-an nìyẹn, torí ògiri tó bá tẹ́jú máa ń ju ohùn padà ni, èyí tó rí gbágungbàgun á fọ́n ọn ká. Wọ́n wá fi bàbà ṣe inú òrùlé roboto yẹn, wọ́n fi fèrèsé 180 yí i ká níbi tó ti pàdé àpáta, ẹ wo ìmọ́lẹ̀! Agogo nìkan ni ò sí, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń fi sípíkà gbé jáde.

Ti Biafra: nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ogun ń lọ nílé níbí, ebi ń pa àwọn ọmọdé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ wá fi ọ̀dà kọ BIAFRA sára ògiri, pé owó tí wọ́n ń ná sórí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi bọ́ àwọn tébi ń pa. Èmi ò lè bá wọn wí o. Wọ́n ṣáà parí ẹ̀, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1969, ogun ò tíì tán nígbà yẹn.

Owó ẹnu ọ̀nà, àwọn tó wá wòran ló ń san án. Kí àbúrò yín lọ nígbà ìsìn, ọ̀fẹ́ ni.