Ṣé káńsù lè ní kí n má lo ike mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni mò ń tà ní Bódìjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ní káńsù ló rán òun kó àwọn ike fóòmù mi lọ, ó tún gbowó láìjá rìsíìtì. Ṣé wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìdọ̀tí kíkó, ọjà àti ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ sábẹ́ káńsù. Àṣẹ wà nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe lẹ́nu ọkùnrin kan. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ní láti jókòó ṣe òfin ìbílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tako ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀. Bó bá padà wá, ẹ ní kó fi òfin náà hàn yín. Owó tí kò ní rìsíìtì, àpò ara rẹ̀ ló ń lọ. Ní Èkó pàápàá, ìjọba ìpínlẹ̀ ló fòfin de fóòmù ní 2024.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo fojú rí omíyalé Ògùnpa ní 1980, n ò lè gbèjà ike. Gọ́tà iwájú ilé mi, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ló dí i pa. Mọ́ínmọ́ín ewé eéran sì dùn jù, ẹ má bínú.