Èwo Ni Kí N Yọ Kúrò Láàrin Àwọn Adìẹ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́fà ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé wa. Lóṣù tó kọjá, mo ra adìẹ Noiler mẹ́ta (irú tí wọ́n ń sìn fún ẹyin àti ẹran) kún wọn ní Bódìjà. Látìgbà náà, dúdú kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà rímú mí. Ó ń sọ ọ́ lórí, ó ń fa ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tu, àwọn yòókù náà sì ti ń bá a dá sí i. Ilé wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó fẹ̀ ní 4. Mo yọ ẹni tí wọ́n ń lù sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí mo dá a padà, ńṣe ló tún le sí i.
Ìyá Ìbejì, Apẹ́tẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tó ń lu èkejì ni kí ẹ yọ.

Adìẹ mọ ipò gan-an: ta ni yóò kọ́kọ́ jẹun, ta ni yóò sùn sókè. Ará Nọ́wè kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1922. Èyí tí ẹ mú kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan ti pàdánù ipò rẹ̀. Àlejò ló padà wọlé. Ẹ gbé dúdú yẹn lọ síbi tí kò ti ní rí wọn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bó bá dé, òun náà ni àlejò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ẹ yọ èyí tó fara pa náà lójú ẹsẹ̀, torí bí adìẹ bá rí pupa, wọ́n lè sọ ọ́ títí yóò fi kú. Ojú mi rí i nílé mi ní Mọ́níyà. Mo ti adìẹ kékeré kan wọ àárín àwọn àgbà lóru, torí wọ́n ní bílẹ̀ bá mọ́, wọn ò ní dá a mọ̀ lálejò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá a tó ki orí bọ abẹ́ agbada omi, ogbe rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ojú rẹ̀ kan. Kò rí ọ̀sán. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ egbò náà, kí ẹ fi GV, oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò, kùn ún kí pupa rẹ̀ má hàn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì pààlà fún un nínú ilé kan náà, kí wọ́n máa rí ara wọn lójoojúmọ́ títí egbò yóò fi jinná. Bí ẹ bá tún ra adìẹ tuntun, ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì ni kí ó ti lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ọ̀rọ̀ ilé wọn ló ká mi lára jù. Adìẹ kan yẹ kó ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, 2 ní ìbú. Ilé yín gba mẹ́fà géérégé, mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lé kò rí ibi sá sí. Ẹ bá wọn fẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ máa tú wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ àti ti omi sí ibi méjì tó jìnnà síra, kí ọ̀gá kan má baà lè dènà méjèèjì. Ẹ so tẹ̀tẹ̀ rọ̀ síbi tí wọn yóò ti nà ọrùn kí wọ́n tó já a.

Kí ni ẹ ń fún wọn jẹ? Bó bá jẹ́ èèrí ògì àti àgbàdo nìkan ni, ẹ ra fíìdì léyà, oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin, kún un. Adìẹ tí oúnjẹ aṣaralóore kò tó a máa já ìyẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ.

Bí dúdú bá padà dé tí kò jáwọ́, ẹ fún ẹni tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ ju tiyín lọ.

Nírọ̀lẹ́ òní, kí wọ́n tó sùn, ẹ rọra fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn èyí tí wọ́n ń lù. Bó bá rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, kò jẹun tó lónìí. Ẹ bu tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀ kílẹ̀ tó ṣú.