Kí ló dé tí Sphinx, irinṣẹ́ tó ń sọ fáìlì ọ̀rọ̀ di ojú ìwé ìtọ́sọ́nà, ń sọ pé "Unknown target name" bí mo bá kọ líǹkì ìta sínú fáìlì .rst?

Ó jọ pé àlàfo lo gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rèé:

`Ìwé Python <https://docs.python.org/3/>`_

Àlàfo gbọ́dọ̀ wà ṣáájú àmì <, kí _ sì kẹ́yìn. Àlàfo kékeré yìí ti jẹ mí ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan rí. Bí o bá lo ọ̀rọ̀ kan náà, bíi "níbí", fún líǹkì méjì tó lọ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò tún pariwo "Duplicate explicit target name". Sọ _ di méjì, ariwo á dákẹ́. Àmọ́ lójú tèmi, "níbí" ò tiẹ̀ dáa tó fún líǹkì. Òǹkàwé ò mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Ojú ìwé ẹlòmíràn lè kú nígbàkigbà. Kí o tó gbé iṣẹ́ jáde, ṣe àṣẹ `make linkcheck` ní tẹ́mínà. Á kan ilẹ̀kùn líǹkì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá dáhùn, á kọ "broken" sí i nínú output.txt. Sáìtì tó bá ń lé rọ́bọ́ọ̀tì bíi linkcheck, fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú linkcheck_ignore ní conf.py, fáìlì ètò Sphinx, kó lè fò ó.