Ṣé mo lè ra adaptive optics mọ́ tẹlisíkóòpù kékeré mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Dígí tẹlisíkóòpù mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13. Bí mo bá gbé e sórí dẹ́kì ilé wa n'Íbàdàn láti wo Júpítà, ńṣe ló máa ń gbọ̀n rìrì, tí etí rẹ̀ á máa yọ́. Wọ́n ní adaptive optics ni àwọn tẹlisíkóòpù ńlá fi ń ṣẹ́gun irú èyí. Ṣé mo lè rí i rà mọ́ tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ má náwó sí i. Kò sí nǹkan tó ṣe tẹlisíkóòpù yín; afẹ́fẹ́ ni ẹlẹ́bi. Èyí tó gbóná àtèyí tó tutù ń dà pọ̀ lókè orí wa láìsinmi, wọ́n sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ìgbà téèyàn ń wo owó ẹyọ nísàlẹ̀ odò tó ń ṣàn ni: owó ò kúrò lójú kan, omi ló ń mú un jó.

Bí tẹlisíkóòpù bá ṣe tóbi tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń yàn án jẹ tó. Dígí tẹlisíkóòpù Keck, lórí òkè Mauna Kea ní Hawaii, fẹ̀ tó mítà 10. Síbẹ̀, bí wọn ò bá tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, kúlẹ̀kúlẹ̀ tó máa fi hàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti èyí tẹ́nì kan lè dá gbé lọ.

Adaptive optics tẹ́ ẹ bi mí ni ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i. Horace Babcock, onímọ̀ nípa sánmà, ló dábàá rẹ̀ ní 1953, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó yá tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bu díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan, ẹ̀rọ á wọn bó ṣe wọ́ tó, kọ̀ǹpútà á sì pàṣẹ fún dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan pé kó tẹ̀ sí òdìkejì, kí wíwọ́ méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Ó lè tó ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Lára Yepun, ọ̀kan nínú àwọn tẹlisíkóòpù ńlá tí wọ́n ń pè ní VLT (Very Large Telescope) ní Paranal, Chile, dígí náà kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná tó ń tì í tó ń fà á lé ní 1,100. Bí kò bá sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ nítòsí, wọ́n á yin laser sókè dé nǹkan bíi kìlómítà 90, kí sódíọ̀mù tó wà níbẹ̀ lè máa tàn bí ìràwọ̀. Irú ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ nípa sánmà, Reinhard Genzel àti Andrea Ghez, tí wọ́n gba Nobel ní 2020, lè tọpa ìràwọ̀ S2 tó ń fi ọdún 16 yípo ihò dúdú (black hole) tó wà láàárín Milky Way, ìyẹn agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀.

Tiyín wá ńkọ́? Ìdì afẹ́fẹ́ tó ń da ìmọ́lẹ̀ rú sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń bo dígí Keck. Tiyín ò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Àwòrán yín kàn ń sún kiri ni, fídíò lásán sì tó láti fi ṣàtúnṣe ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kúrò lórí dẹ́kì yẹn ná. Kọnkéré tó ti gba oòrùn láti àárọ̀ á máa tú ooru jáde di òru. Ẹ gbé e sórí koríko, kó wà níta bíi wákàtí kan kó lè tutù, kẹ́ ẹ sì dúró kí Júpítà gòkè dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ so kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gbé e fún AutoStakkert, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń to àwòrán, ọ̀fẹ́ ni. Á ṣa àwọn àwòrán inú fídíò náà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ fún, á tò wọ́n léra. Bí 3,000 bá wà níbẹ̀, ẹ mú 300 tó dára jù.