Hard disk kọ̀ǹpútà mi ń dún kọ́-kọ́-kọ́: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi epo sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní ní Òṣogbo. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú àti iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì la máa ń tẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a ń lò, tòkunbọ̀ ni. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tó ti ń pariwo. Nígbà mìíràn á dún hùùù, nígbà mìíràn á dún kọ́-kọ́-kọ́, gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ á sì dúró gbagidi kó tó tún máa lọ. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n jẹ́ kí òun tú hard disk náà, kí òun kán epo díẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e sínú fírísà mọ́jú. Iṣẹ́ gbogbo oníbàárà mi láti ọdún 2019 ló wà nínú rẹ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn. Ẹ má tẹ̀ lé ìkankan nínú méjèèjì. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá ṣì wà ní títàn bí ẹ ṣe ń ka ìdáhùn yìí, ẹ pa á ná, kí ẹ pa á bó ṣe yẹ, kì í ṣe kí ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ. Disk tuntun wà lọ́jà, owó lásán ni yóò ná yín. Iṣẹ́ oníbàárà láti 2019 ni kò sí lọ́jà. Torí náà, kíkó fáìlì jáde ló ṣáájú, àtúnṣe ló kẹ́yìn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà mọ́ yín lọ́wọ́, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ epo. Nínú àpótí irin kékeré tí à ń pè ní hard disk yẹn, àwo róbótó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà, alumíníọ̀mù tàbí gíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì bíi tiyín, ó sábà máa ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ti àwọn mìíràn jẹ́ 5,400. Orí kékeré tó ń ka ohun tó wà lára àwo náà kì í fara kàn án rárá. Atẹ́gùn tí yíyí àwo ń dá sílẹ̀ ló gbé e dúró, àyè tó sì wà láàárín wọn kéré débi pé fọ́nrán irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Eruku tí ojú wa kò lè rí, òkè ńlá ni lọ́nà orí yẹn. Ẹni tó bá tú u nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá títì, ti da eruku sí i kó tó kan epo. Epo tí ọ̀pá tó ń yí àwo náà ń lò sì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n ti dí i pa. Ibo wá ni yóò kán tirẹ̀ sí?

Ti fírísà, àbá àtijọ́ ni. Bí ẹ bá yọ irin tútù jáde sínú ooru Òṣogbo, omi á sẹ̀ sí i lára, ihò kékeré tí ọ̀pọ̀ hard disk fi ń mí sì wà níbẹ̀ tí ọ̀rinrin yóò gbà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó wá tan iná sí i kí àwo tó ti tutù máa yí pẹ̀lú omi lára.

Ó kan kí a mọ̀ bóyá hard disk gan-an ló ń dún, torí ohùn méjì lẹ sọ, mi ò sì rò pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá. Èyí tó ń dún hùùù yẹn, fáànù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wáyà méjì ló wọ inú hard disk: èyí tó fẹ̀ díẹ̀ ń gbé iná, èyí tó kéré ń gbé fáìlì. Ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ wá tan kọ̀ǹpútà náà. Yóò ráhùn pé òun kò rí Windows. Ẹ fi sílẹ̀ kó máa ráhùn. Bí hùùù bá ṣì ń dún, a jẹ́ pé ọwọ́ hard disk mọ́ nínú ìyẹn. Fáànù máa ń wà lórí processor, òmíràn máa ń wà nínú power supply (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà), ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tún ní ọ̀kan lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ ó bá eruku lára wọn tó nípọn bí òwú. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Bí ẹ bá ń fi blower fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka di apá tó ń yí lára fáànù mú kó má baà sáré àsápajúdé. Ṣùgbọ́n ẹ má tú power supply o! Iná máa ń wà nínú àwọn capacitor rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì lè gbé ènìyàn. Bí fáànù inú rẹ̀ ló ń han, odindi power supply ni kí ẹ pààrọ̀.

Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ara àpótí kọ̀ǹpútà tí ohùn náà sì yí padà tàbí dákẹ́, síkúrúù ló tú. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sábà máa ń fi síkúrúù méjì péré de hard disk dípò mẹ́rin, disk á wá máa gbọ̀n mọ́ irin tó gbé e. Ẹ fún un le.

Wàyí o, kọ́-kọ́-kọ́ ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́. Kì í ṣe gbogbo ohùn hard disk ló burú. Kùrù-kùrù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣí fáìlì ńlá, orí yẹn ló ń sáré láti ibì kan sí ibòmíràn lórí àwo. Kọ́ ẹyọ kan nígbà tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ó ń lọ síbi ìsinmi rẹ̀ ni. Tiyín yàtọ̀, torí pé kọ̀ǹpútà ń dúró gbagidi pẹ̀lú rẹ̀. Àmì kan wà lára àwo tí orí náà fi ń mọ ibi tó wà. Nígbà tí kò bá rí àmì náà kà, á padà síbi ìsinmi, á tún jáde, á tún padà. Lílọ bíbọ̀ yẹn lẹ ń gbọ́. Orí náà lè ti ń kú, ojú àwo sì lè ti bàjẹ́. Ó tún lè jẹ́ pé iná kò kan disk tó: 12 volt ló ń yí àwo, 5 volt ló ń bọ́ bóòdù rẹ̀, power supply tó ti gbó kì í sì í lè di ìwọ̀n wọ̀nyí mú. Iná tó ń lọ lójijì náà kì í ṣe é lóore. Nígbà tí NEPA bá mú iná, okun tó kù nínú àwo tó ṣì ń yí ni disk fi ń gbé orí rẹ̀ sá wọlé, ìsáré yẹn sì le ju ìgbà tí ẹ bá pa á wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ. Bí kò bá sí UPS ní ṣọ́ọ̀bù yín, òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ohùn méjì mìíràn wà tí kò gba àfara. Tó bá ń họ ṣáá-ṣáá bí irin tó ń gé irin, orí ti já lé àwo, gbogbo yíyí tó bá tún yí ló ń ha fáìlì yín dànù. Tó bá ń dún pí-pí-pí tí ẹ kò sì gbọ́ kí àwo yí, orí ti lẹ̀ mọ́ àwo tàbí mọ́tò rẹ̀ ti há. Nínú méjèèjì, ẹ má tún tàn án mọ́.

Báwo lẹ ó ṣe wá kó fáìlì? Ẹ má fi Windows tó wà lórí disk náà gan-an tan kọ̀ǹpútà, torí Windows kì í dákẹ́, ó ń kọ, ó ń kà ní gbogbo ìgbà. Ẹ yá kọ̀ǹpútà orí tábìlì mìíràn, kí ẹ so disk yín mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìkejì. Bó bá jẹ́ laptop nìkan ló wà, wáyà USB lásán kò ní lè gbé disk ńlá, torí 5 volt ni USB ń pèsè. Ẹ ra ohun èlò tó ń so disk mọ́ USB (adapter), irú èyí tó ní wáyà iná tirẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi CrystalDiskInfo wò ó, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí ara disk ṣe le sí ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6. 05 ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tí disk ti fi òmíràn rọ́pò, C5 ń ka ibi tó ń ṣiyèméjì lé lórí, C6 ń ka èyí tí kò ṣeé kà mọ́. Bí C5 tàbí C6 bá ti kúrò ní òdo, disk náà ti ń lọ. Bí C7 nìkan ló ń pọ̀ sí i, wáyà tó ń gbé fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé CrystalDiskInfo kì í fi oǹkà tí a mọ̀ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí àyàfi bí ẹ bá yí i padà, oǹkà hexadecimal tó ń fi lẹ́tà kún nọ́ńbà ló ń lò: 1A tí ẹ bá rí níbẹ̀, 26 ni. Bó bá sì kọ Good, ẹ má torí ẹ̀ fọkàn balẹ̀ pátápátá. Etí yín ń gbọ́ ohun tí nọ́ńbà kò tíì rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò ṣeé tún ṣe: fáìlì CorelDRAW tàbí Photoshop, fọ́tò tí oníbàárà kó wá, ìwé owó yín. Ẹ fi fíìmù àti orin sílẹ̀. Ẹ kó o díẹ̀díẹ̀, fódà kan lẹ́yìn òmíràn; èyí tó bá há, ẹ fò ó kọjá. Chkdsk àti defrag, àwọn irinṣẹ́ Windows tó ń yẹ disk wò tó sì ń tún fáìlì tò, ẹ má dán wọn wò rárá, torí wọn ó mú disk tó ń kú lọ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò kí ẹ tó rí nǹkan kó. Ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, tó bá mọ Linux, ẹ ní kó lo ddrescue: ibi tó dára ló máa ń kọ́kọ́ dà kọ, á tó wá padà sí ibi tó bàjẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá rí disk náà rárá, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹnìkan ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, lè sọ pé kí òun yọ bóòdù ara disk mìíràn fi rọ́pò. Lórí ọ̀pọ̀ disk òde òní, bóòdù kọ̀ọ̀kan ló ní chip tí wọ́n kọ ìwọ̀n tó bá disk tirẹ̀ nìkan mu sí. Bí kò bá kó ohun tó wà nínú chip yẹn lọ sórí èyí tó fẹ́ fi rọ́pò, òfo ló máa ń já sí. Àwọn tó ní yàrá tí eruku kò lè wọ̀ nìkan ni kí ẹ gbé e fún. Iṣẹ́ wọn wọ́n, ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó fa disk lé wọn lọ́wọ́.

Èyí tí ẹ ó fi rọ́pò, kí ó jẹ́ SSD. Kò ní ohun tó ń yí nínú, kì í dún, Windows á sì yára lórí rẹ̀ ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ tún ra disk ìta kan tí ẹ ó máa da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, kí ó máa sùn nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ti èyí tó bàjẹ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà NIN, ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò àwọn oníbàárà yín ṣì wà lára àwo rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sì kan oníṣọ́ọ̀bù tó bá jẹ́ kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ bá ti dájú pé gbogbo ohun tí ẹ nílò ti jáde, ẹ fi ìṣó àti òòlù lu àwo náà já ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi nǹkan bo ojú, torí bó bá jẹ́ ti gíláàsì, fífọ́ ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́.