Gé okùn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ kúrú

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní ọmọ ọdún 29 ni ọ́, báǹkì lo ti ń ṣiṣẹ́, orí àga lo ń wà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tí o bá délé tán, ìdí ìlẹ̀kẹ̀ tí o ń sín lo tún ń jókòó sí, ó di aago kan òru. Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, ẹsẹ̀ ń wú, màmá rẹ sì ní kí o kó ìlẹ̀kẹ̀ dànù. O wá ń béèrè bóyá kí o jáwọ́ ni, tàbí kí o lọ san owó níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá.

Má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Èmi ti ṣe méjèèjì rí.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tèmi. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, àga àti fáìlì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àdìrẹ kì í ṣe ohun tí mo fi ń jẹun, ohun tó ń mú inú mi dùn ni. Ọwọ́ ìyá bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ ní kékeré, mo pa á tì, ọjọ́ orí mi ti di 38 kí n tó padà sí i. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, làfún la fi ń se ẹ̀kọ tí a ó fi ya bátànì sórí aṣọ funfun, ìyẹ́ adìyẹ ni kálámù wa. Ibi tí ẹ̀kọ bá bà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bátànì tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ni mo fẹ́ràn jù, tòun ti òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí inú rẹ̀, òun náà ló sì fẹ́ẹ̀ẹ́ pa mí.

Bí mo ṣe ń jókòó nìyí: àpótí kékeré nídìí, pákó lórí itan, ọrùn títẹ̀ síwájú, láti aago méje alẹ́ di ọ̀gànjọ́. N kì í mu omi, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n mí. Mo gbé fáànù kan síwájú aṣọ kó lè tètè máa gbẹ ẹ̀kọ, kí n má sì dìde rárá. Oúnjẹ alẹ́ mi di gáàrí pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà, ọwọ́ ọ̀tún ń ya aṣọ, ọwọ́ òsì ń bu ẹ̀pà. Ọkọ mi a kọjá, a ní, "Aláàdìrẹ, ṣé o ṣì wà láyé?" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọdún kejì, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Mo ra ọ̀pa-ẹ̀yìn lọ́wọ́ alágbo oríta wa, ó rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni jẹ̀díjẹ̀dí dé. Gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan dídùn ni àwọn àgbà máa ń dá lẹ́bi, nítorí náà mo yọ ṣúgà kúrò nínú gáàrí, mo mu agbo. Agbo yà mí nígbẹ́ débi pé n kò lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, jẹ̀díjẹ̀dí ò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí mo wá gba ilé ìwòsàn lọ, ìbéèrè mẹ́ta péré ni nọ́ọ̀sì bi mí: ife omi mélòó ni ẹ ń mu lójúmọ́? Ẹ̀fọ́ àti èso ńkọ́? Wákàtí mélòó lẹ fi ń jókòó? Ojú tì mí láti dáhùn ìkẹta. Ó ní ìgbẹ́ líle, títẹ̀ tí a ń tẹ̀ kó tó jáde, àti ìjókòó pípẹ́ wà lára ohun tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí wú. Ṣúgà ní ẹjọ́ tirẹ̀ tó máa jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló wọn ẹ̀jẹ̀ mi. 168 lórí 104. Tó bá ti dé 140 lórí 90, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà ló rí. Orí kò fọ́ mi, òyì kò kọ́ mi, n kò mọ nǹkan kan lára. Ẹni ọdún 41 ni mí nígbà yẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí màmá rẹ ń sọ. Mo di pákó, ìyẹ́ àti làfún sínú àpò, mo jáwọ́ fún oṣù márùn-ún. Ṣé o mọ ohun tí mo fi alẹ́ mi ṣe ní oṣù márùn-ún yẹn? Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Àga kan náà, gáàrí kan náà, inú mi ò wá dùn mọ́. Ìgbà tó yá mo lọ san owó oṣù mẹ́ta níbi eré ìdárayá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tó dáná, tó bá ọmọ wo iṣẹ́ iléèwé, níbo ló ti fẹ́ tún wá múra jáde láti lọ máa sáré lórí ẹ̀rọ? Àwọn kan lè ṣe é, mo kí wọn.

Ìtàn tí dókítà kan sọ fún mi ló là mí lójú. Bàbá mi, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Èkó fún ọdún 26, rọpárọsẹ̀ ló mú wọn lọ. Kọ̀ndọ́kítọ̀ wọn, tó máa ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń fò sílẹ̀ tó ń fò gòkè, ṣì ń bẹ láyé; ó wá kí wa nígbà Iléyá. Mo sọ èyí fún dókítà bí ẹní ń ròyìn lásán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo mọ̀ pé wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nílùú Lọ́ńdọ̀nù? Dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1953. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni. Dírẹ́bà jókòó, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láti gba owó lọ́wọ́ èrò, ó lé ní 500 ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn lójúmọ́. Àìsàn ọkàn pọ̀ lára dírẹ́bà ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n tún lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn, ìbàdí ti dírẹ́bà ló fẹ̀ jù. Ìyẹn sì fi hàn pé ìjókòó nìkan lè má jẹ̀bi, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti sanra kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà. Bàbá mi náà sanra. N kò fi ti bàbá mi àti kọ̀ndọ́kítọ̀ wọn ṣe ẹ̀rí, èèyàn méjì péré ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ohun kan ò kúrò lọ́kàn mi. Kọ̀ndọ́kítọ̀ yẹn ò ṣe eré ìdárayá kankan. Owó ló ń gbà.

Mo wá rántí ìyá bàbá mi. Wọn ò jókòó bíi tèmi rí, bẹ́ẹ̀ àdìrẹ ni wọ́n fi dàgbà. Wọ́n á ya díẹ̀, wọ́n á gbé aṣọ lọ sínú oòrùn, wọ́n á padà wá ro ẹ̀kọ lórí iná igi, wọ́n á dìde lé ewúrẹ́, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn láti máa lá ẹ̀kọ lára aṣọ. Ewúrẹ́ yẹn gan-an ni dókítà wọn. Èmi ni mo lé gbogbo ìrìn inú iṣẹ́ náà jáde, tí mo fi fáànù rọ́pò oòrùn, tí mo wá ń wá ibi tí màá ti sanwó fún ìrìn.

Mo gbé fáànù kúrò. Báyìí, tí mo bá ya ojú kan tán, mo máa ń gbé aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, n ó sì máa rìn yí àgbàlá ká títí á fi gbẹ. Lálẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni mo ń ta á sí. Ìkòkò ẹ̀kọ kì í tún kúrò ní ilé ìdáná, ife kékeré ni mo fi ń bù ú. Tó bá tán, mo dìde. Omi ni mo wá ń mu dáadáa, kí ìtọ̀ lè gbọ̀n mí! Mo ta àpótí ìyẹn nù, mo gbé pákó lé tábìlì, mo ra àga tó ní ẹ̀yìn, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń kanlẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ra aṣọ ní Ìtòkú, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ, ẹni tó bá sì mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé òkè àti gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ọ̀nà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yá díẹ̀, bí ìrìn kíá. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí nínú ìṣirò. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò ní 2020. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta tí mo ń fi yí àgbàlá ká wà nínú ìṣirò nìyẹn. Wọ́n tún ní kí a máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán, lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀; omi kànga ni mo fi ń ṣe tèmi.

Ó dára, ìlẹ̀kẹ̀ kì í ní gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí o fi ní láti gé okùn rẹ kúrú. Má ṣe fa okùn gígùn tó máa gbé ọ láti aago mẹ́jọ dé mẹ́wàá. Gé èyí tí ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí á parí, kí o sì gbé ìdì okùn sí yàrá mìíràn. Okùn tán, dìde lọ gé òmíràn. Mo mọ̀ pé ìso á pọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ báàgì lò ń ṣe. Fi wọ́n pamọ́ sínú ihò ìlẹ̀kẹ̀, o ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe. Má kó gbogbo àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ sínú àtẹ kan. Jẹ́ kí pupa wà ní pálọ̀, kí funfun wà ní ilé ìdáná. Ìwà wèrè ló máa kọ́kọ́ jọ. Kí o tó rìn lọ náà, wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú àáyá 20, nítorí ojú rẹ.

Aago kan òru yẹn, n kò ní bá ọ bò ó. Ẹni tó fẹ́ jí ní aago márùn-ún àárọ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣì máa wá ihò ìlẹ̀kẹ̀ láago kan. Tí aago mẹ́wàá bá lù, bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ á dínkù, n kò parọ́ fún ọ. Aṣọ mẹ́ta ni mo ń ṣe lóṣù tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì, mo sì ti sọ fún àwọn kan tó fẹ́ fi àdìrẹ ṣe aṣọ ẹbí pé kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn, wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ méjèèjì ló ń wú díẹ̀ lálẹ́, tó sì ń lọ tó bá di àárọ̀, sọ fún dókítà nígbà tí o bá lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dùn ọ́, má fi òróró pa á, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan, ó sì lè gbéra láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Tèmi ti wà ní 132 lórí 84 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Oògùn wà nínú rẹ̀ o, ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó, dókítà ò sì tíì ní kí n dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn a ṣì máa ta mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ̀díjẹ̀dí ti lọ láti ọdún kan ààbọ̀.

Ní ti màmá rẹ, má bá wọn jiyàn lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ní Sátidé yìí, ẹ jọ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wọn tìrẹ, kí wọ́n wọn tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọn ti bàbá mi, wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà.