Ó lo tramol mọ́ páráágà, ó ń hanrun: ṣé ká rọ epo sí i lẹ́nu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọ àbúrò mi tó ń gun ọ̀kadà ní Tákìé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, la bá nílẹ̀ yàrá rẹ̀ lóru Sátidé. Ó ń hanrun, ètè rẹ̀ ń dúdú, a pè é títí kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́wọ́ pé tramol ló lò mọ́ páráágà. Àwọn kan ní ká rọ epo pupa sí i lẹ́nu, àwọn kan ń da omi tútù lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká má gbé e lọ sọ́sibítù, pé wọ́n á fà á lé NDLEA lọ́wọ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó jí láàárọ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, mà. Ọ̀rọ̀ epo yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí ó ti pa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ohun tí ẹ bá rọ sí i lẹ́nu, ọ̀nà èémí ló máa gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìbáà ṣe epo, mílíìkì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Oògùn náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ; epo ò lè bá a níbẹ̀. Omi tútù ní tirẹ̀, àsìkò ló ń fi ṣòfò.

Ìhanrun tí ẹ gbọ́ yẹn, ẹ má pè é ní oorun. Tramadol (tramol yẹn náà ni), kòdíìnì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń kó àárẹ̀ bá ibi tó ń darí èémí nínú ọpọlọ. Èémí á máa jìnnà síra títí yóò fi dúró. Bí ọtí tàbí refnol, oògùn oorun líle kan, bá tún wà ńbẹ̀, ó ń yá kánkán ni. Ẹ wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ ka èémí náà. Bí kò bá tó 10, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ yí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta kí ẹ wo inú rẹ̀, nítorí lára àwa aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn pé ara ti ń ṣú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọlójú rẹ̀ á ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Ẹ pè é lóhùn rara, kí ẹ fi oríkèé ìka ra egungun àárín àyà rẹ̀ gidi. Bí kò bá jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ ká orúnkún tòkè síwájú, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí èébì lè ráyè jáde. Bí èémí bá dúró, ẹ dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Tramadol tún máa ń fa gìrì fún ẹni tí kò ní wárápá rí. Bó bá dé, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu o.

Ẹ wá ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá bá wa, àárín ẹni méjì ni wọ́n máa ń há wọn sí, àgbọ̀n á ti kan àyà, ọ̀nà ọ̀fun á sì ti pa dé. Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi, àti ọsibítù LAUTECH ló wà nítòsí yín. Ẹ mú páálí oògùn náà dání. Ẹ má sọ pé ibà ni, nítorí ibà náà la ó máa wá kiri nígbà tí èémí ń lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́wọ́ yẹn, òun gan-an ni kó bá yín lọ.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone tó lè dá èémí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ran refnol tàbí ọtí, tí kò sì lè dá gìrì tramadol dúró. Agbára rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, tramadol á sì kù lára. Bó bá jí, tó ní òun fẹ́ máa lọ sílé, ẹ dá a dúró.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín: òfin ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014, ìpín 20, ní kí ilé ìwòsàn kankan má kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìpín 26 ní ká pa àṣírí aláìsàn mọ́, àfi níwọ̀nba ibi tí òfin yọ sílẹ̀, bí àṣẹ ilé ẹjọ́. Owó káàdì ṣá, ẹ mú un dání. NDLEA fúnra wọn ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí èèyàn lè pè fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040.

Kí ojú má sì tì yín. Ìwádìí ọdún 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí 23 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Tramadol mílígíráàmù 50 àti 100 nìkan ni NAFDAC fọwọ́ sí. 225 tí wọ́n ń tà ní gáréèjì kò sí nínú ìwé wọn.

Ọ̀kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá ọmọ náà sọ nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Bó bá jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ á ti gbàgbé oògùn náà. Bó bá wá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, iye yẹn kan náà lè pa á.